Ẹ Má Fi Òwú Funfun Rán Òjò Dídì: Bí A Ṣe Ń Fi Máṣíìnì Ya Ìgbà Òtútù Sára Aṣọ

Ọdún kejì tí mo dé Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo kọ́kọ́ fi máṣíìnì ya òjò dídì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi rán mọ́nógíráàmù sí ọrùn agbádá l'Abẹ́òkúta kí n tó rìnrìn àjò, ọkàn mi sì balẹ̀ pé kí ló tún kù tí n kò mọ̀ nípa òwú. Mo ra òwú funfun ńlá mẹ́rin, mo há aṣọ tẹ́ẹ̀rú sínú òrùka onígi tí wọ́n fi ń na aṣọ, mo rán funfun lé funfun láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo tú aṣọ náà sílẹ̀, ó ti súnkì, gbogbo etí rẹ̀ ti ká bí ìpékeré. Òkè tí mo rò pé mo yà, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi pè mí.

"Ọmọ mi, ta ló da iyọ̀ sórí aṣọ?"

"Òjò dídì ni, mà. Bó ṣe bo orí òkè ni mo yà."

"Hẹn-ẹn. Ìwọ tí wọ́n bí sẹ́yìn ọjà Ìtòkú. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, ta lo rí tó ń fi ọ̀dà funfun kun ibi tó funfun?"

"Kò sí, mà."

"Ó dáa. Lọ sùn."

Ohun tí wọ́n sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Aládìrẹ kì í ya funfun. Ẹ̀kọ láfún ló máa ń fi ìyẹ́ fà sára aṣọ, yóò gbé e sínú aró, ibi tí aró kò bá dé ló máa funfun. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni funfun náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe òjò dídì: ẹ fi aṣọ sílẹ̀ kó jẹ́ òjò dídì, kí ẹ wá rán gbogbo ohun tí kì í ṣe òjò dídì. Òjìji, ògiri, igi, koríko tó yọrí. Òwú funfun yóò dé, àmọ́ ìgbẹ̀yìn ló ń dé, kò sì ní pọ̀ ju ohun tó lè wà nínú bọ́bìnì kan lọ, ìyẹn rìlì kékeré tó ń gbé òwú abẹ́ máṣíìnì.

(Òjò dídì ni Bíbélì wa pè é, òun ni èmi náà ń lò. Tí ẹ bá ń pè é ní yìnyín tàbí sínóò, a ṣì ń gbọ́ ara wa.)

Ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Èmi máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Sheffield lọ sí Hathersage tàbí Castleton, ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Peak District. Lábẹ́ Mam Tor, òkè tó ga ní mítà 517, pápá àgùntàn ló kún ibẹ̀, ògiri òkúta tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ńtì kankan sí i ló sì pín wọn sí wẹ́wẹ́. Tí òjò dídì bá bò wọ́n, àwọn ògiri náà á wá dúró bí ìlà tí ẹnìkan fi pẹ́ńsù fà sórí ìwé. Àwòrán tí a ó rán nìyẹn: òkè kan lókèèrè, pápá kan, ògiri kan tó gùn ún lọ, àti igi kan tó ti wọ́wé tán. Ẹni tó bá wà nílé lè ní kí ìbátan rẹ̀ ya fọ́tò ránṣẹ́. Kí ó yà á nígbà tí oòrùn bá yọ, torí ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo gbogbo ojú ọ̀run, òjìji kì í sí, òjìji sì ni iṣẹ́ wa.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú fọ́tò náà. Ìkíní ni gígùn òjìji. Ní Sheffield, lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn kì í ga ju nǹkan bí dígírì 13 lọ kúrò nílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, òjìji igi á gùn ju igi náà lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. L'Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan náà, lákòókò kan náà, òjìji igi kàn fi díẹ̀ ju ìdajì igi lọ ni. Ojú ilé la fi ń ya òjìji nígbà tí a kò bá ṣọ́ra, ó sì máa ń kúrú jù. Àwòrán á wá dàbí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n da ẹ̀lùbọ́ sí nílẹ̀.

Ìkejì ni bí nǹkan ṣe ń ṣá bó bá ṣe ń jìnnà. Èyí kò ṣòro fún wa, ọyẹ́ ti kọ́ wa. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ láàárọ̀ ọyẹ́ mọ̀ pé páànù tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n, èyí tó wà níwájú ti di àwọ̀ eruku, àwọn tó jìnnà jù kò yàtọ̀ sí ojú ọ̀run mọ́. Ìgbà òtútù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé búlúù ló ń ṣá sí, kì í ṣe àwọ̀ eruku.

Ìkẹta ni àwọ̀ òjìji náà. Kì í ṣe dúdú. Ibi tí oòrùn kò dé, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ń bọ́ síbẹ̀, nítorí náà tí ojú ọ̀run bá mọ́, òjìji orí òjò dídì á ní àwọ̀ aró tó fẹ́lẹ́, èyí tí àwọn aláró ń pè ní àyìnrín. Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, rí i kedere. Ó ya ẹyẹ kan tó bà sórí ilẹ̀kùn ọgbà nígbà òtútù láàárín 1868 sí 1869, àwòrán náà wà ní ilé àkójọ àwòrán Musée d'Orsay ní Paris títí di òní, búlúù sì ni òjìji ọgbà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ó fi ṣeré ni. Mo lọ wo pápá lọ́jọ́ kejì. Kò fi ṣeré.

Ẹrù iṣẹ́

Tẹ́ẹ̀rú tó ki díẹ̀ ni kí ẹ wá. Fún àwòrán tó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 20 ní gíga, ẹ gé aṣọ 45 sí 35. Má ṣahun aṣọ níbí, torí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ máa ń jẹ aṣọ, ẹ ó sì nílò etí tí ẹ ó fi nà án níkẹyìn. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Èyí tí wọn kò tíì fi bílíìsì fọ̀ ló wù mí jù: àwọ̀ rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó bá oòrùn ìrọ̀lẹ́ mu. Èyí tó funfun báláú dára fún òwúrọ̀ tó mú ganrín.

Sítéè líle, ohun tó dàbí ìwé tó ń jẹ́ kí aṣọ dúró gírí, ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀, ẹyọ méjì, èyí tí kò ní gọ́ọ̀mù. Ẹ ta á mọ́ aṣọ pẹ̀lú àtakọ (ìlà òwú kọ̀ọ̀kan tí abẹ́rẹ́ ń gún) gbọ̀ọ̀rọ̀ yíká etí.

Òrùka onígi méjì tó ń wọnú ara wọn, èyí tó ní ìdè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 18 tàbí 20 tó. Ẹ ya aṣọ òwú tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wé e mọ́ òrùka inú yípo yípo, kí ẹ rán ìparí rẹ̀ pa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ọ̀pọ̀ ló ń fò ó. Ìdí rẹ̀ ni pé igi máa ń yọ̀, aṣọ tó bá yọ̀ nínú òrùka kò lè ṣàì súnkì.

Abẹ́rẹ́ 80/12 fún iṣẹ́ tó pọ̀ jù, 90/14 fún ibi tí òwú bá ti nípọn. Ẹ ra ju ẹyọ kan lọ, ó máa kán.

Òwú mẹ́sàn-án péré ni mo máa ń kó sílẹ̀, gbogbo wọn nọ́ńbà 40, àyàfi ẹyọ kan: àwọ̀ eérú mẹ́ta láti èyí tó ṣá jù dé èyí tó wúwo, àyìnrín méjì, àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́ jọ èlùbọ́ dúdú, ẹyọ kan, àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, nọ́ńbà 60, fún ẹ̀ka wẹ́wẹ́ (bí nọ́ńbà òwú bá ṣe ń ga ló ń tín-ín-rín sí), pupa rẹ́súrẹ́sú kan fún ibi tí oòrùn kàn, àti funfun kan. Dúdú kirikiri kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wo igi dáadáa, kò dúdú bẹ́ẹ̀. Òwú dúdú lórí aṣọ funfun máa ń pariwo ju gbogbo ohun tó kù lọ.

Wọ́n á sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù pé kí ẹ ra òwú fàdákà tó ń dán. Ẹ fi sílẹ̀ fún káàdì Kérésìmesì. Òjò dídì a máa dán lóòótọ́ lójú oòrùn, àmọ́ òwú yẹn máa ń dán ní gbogbo ibi àti ní gbogbo ìgbà, kò mọ ibi tí oòrùn wà.

Bí ẹ ó ṣe to máṣíìnì

Máṣíìnì ìránṣọ lásán ló ń ṣe é. Kò nílò kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kó ṣeé ṣe: kí eyín abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń fa aṣọ lọ sẹ́yìn, ṣeé rẹ̀ sílẹ̀. Tí kò bá ṣeé rẹ̀, ẹ lẹ páálí pẹlẹbẹ tí ẹ ti dá lu sáàárín bò ó. Láti ìgbà yẹn lọ, ọwọ́ yín ló ń gbé aṣọ, máṣíìnì kàn ń gún un ni. Pẹ́ńsù ló dúró lójú kan, ìwé ló ń rìn.

Ẹ yọ ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣe roboto, tó ń bá abẹ́rẹ́ fò sókè sódò. Ẹ gbé gígùn àtakọ sí òdo. Ẹ dín tẹ́ńṣàn òkè (bí máṣíìnì ṣe ń di òwú òkè mú tó) kù: tó bá wà ní 4 tàbí 5, ẹ mú un wá sí 3 tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀, títí òwú òkè á fi máa yọjú díẹ̀ lábẹ́, tí ti bọ́bìnì kò ní yọjú lókè rárá.

Bí a ṣe ń há aṣọ sínú òrùka fún máṣíìnì yàtọ̀ sí ti ọwọ́, òdì rẹ̀ ni. Òrùka ńlá ni kó wà lórí tábìlì, aṣọ lé e lórí pẹ̀lú ojú rẹ̀ sókè, kí ẹ wá tẹ òrùka kékeré wọlé. Aṣọ á wá wà nísàlẹ̀ pátá, yóò fara kan pẹpẹ máṣíìnì. Ẹ dè é le. Ẹ fi ìka lù ú: tó bá dún bí awọ gángan, ó tó. Tó bá dún pọ̀ọ̀, ẹ tún un ṣe.

Ẹ rẹ ọ̀pá ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó rán. Mo mọ̀ pé ó dàbí ohun tí kò yẹ kí n sọ fún télọ̀, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí ẹsẹ̀ kékeré yẹn kì í tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ojú lè tàn yín pé ó ti wà nílẹ̀. Tí ọ̀pá bá wà lókè, tẹ́ńṣàn kò ṣiṣẹ́, òwú á kó jọ sábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ, ẹ ó sì máa fi sísọ́ọ̀sì gé e fún ìdajì wákàtí.

Ẹ yí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí òwú bọ́bìnì lè yọ sókè, ẹ di àwọn méjèèjì mú, ẹ gún ibì kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó gé ìrù òwú náà. Ẹsẹ̀ yín ní kó yá, kí ọwọ́ yín falẹ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe òdì kejì rẹ̀: ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á rọra tẹ máṣíìnì, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ já aṣọ gbà. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti ń kán.

Ẹ fi àkísà tẹ́ẹ̀rú dánra wò ní alẹ́ kan odindi. Ẹ kọ orúkọ yín. Ẹ fa òbìrípo wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra. Ẹ rán láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ padà lórí ìlà kan náà láì yà. Ẹni tó bá ti lè padà lórí ìlà ara rẹ̀ ti lè ran igi.

Ojú ọ̀run

Ọ̀dà ni mo fi ń ṣe ojú ọ̀run, kì í ṣe òwú. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà òkè àti ìlà ògiri fẹ́ẹ́rẹ́ sórí aṣọ. Ẹ fi omi rin apá òkè aṣọ, kí ẹ po ọ̀dà aṣọ àwọ̀ eérú pẹ̀lú omi púpọ̀ àti búlúù bíńtín, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Bó bá ṣe ń sún mọ́ orí òkè ni kó máa fẹ́lẹ́, kí ẹ fi pupa rẹ́súrẹ́sú kan an níbi tí oòrùn wà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ojú ọ̀run wúwo ju ilẹ̀ lọ. Tí àwọn méjèèjì bá funfun dọ́gba, òjò dídì yín ti pòórá nìyẹn, kò sí òwú tó lè gbà á là mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn.

Òkè tó wà lókèèrè: ẹ gé ọ́gánsà àwọ̀ eérú sí ìrísí òkè náà, ẹ fi lé aṣọ, kí ẹ fi òwú eérú tó ṣá jù rán an pẹ̀lú ìlà tí kò tó mẹ́wàá, tó rìn gbọọrọ, tó sì tẹ̀lé bí òkè náà ṣe tẹ̀. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì ẹlẹ́nu ṣóńṣó gé èyí tó bá yọ. Tó bá wù yín kí òkè méjì wà, ẹ tẹ́ ọ́gánsà kejì lé díẹ̀ lára ti àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n ti pàdé á ṣú díẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Òkè tí wọ́n bá rán ju bó ṣe yẹ lọ máa ń rìn wá síwájú.

Òjìji kí ó tó kan ohun tó ni òjìji

Mo máa ń rán òjìji kí n tó rán igi, torí pé tí igi bá ti wà níbẹ̀, ojo á mú mi, n kò ní lè jẹ́ kí òjìji gùn tó. Ẹ pinnu ibi tí oòrùn ti ń bọ̀, kí ẹ fi ẹfun télọ̀ sàmì sí i lẹ́bàá etí aṣọ kí ẹ má gbàgbé. Fún àwòrán tiwa, ó ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì. Tí igi yín bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, òjìji rẹ̀ lè nà tó 20 lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn jẹ́ ju ìdajì àwòrán lọ. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kó nà, kódà kó jáde kúrò nínú àwòrán.

Àyìnrín tó wúwo díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nídìí igi, kí ẹ pààrọ̀ sí èyí tó fẹ́lẹ́ bí ó ṣe ń jìnnà. Ìlà yín kí ó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí àyè wà láàárín wọn tí aṣọ á fi máa yọjú. Tí ilẹ̀ bá ga, kí òjìji gun òkè pẹ̀lú rẹ̀. Tí ó bá kòtò, kí ó wọlẹ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ pé pápá kò tẹ́jú nìyẹn, láìsí ìlà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kòtò kéékèèké tí àgùntàn fi ẹsẹ̀ gbẹ́, ẹ fi àtakọ mẹ́ta mẹ́rin ṣe wọ́n, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ibi yìí ni ọwọ́ ti máa ń yún ni láti kún gbogbo àyè. Nígbà tó bá yún mi, mo máa ń dìde lọ po tíì.

Ògiri

Òwú eérú tó wà láàárín ni kí ẹ lò, kí ẹ fi òbìrípo tí kò gún régé ran òkúta: ńlá, kékeré, pẹlẹbẹ. Ẹ má tò wọ́n bí búlọ́ọ̀kù. Kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ tóbi ju ti òkè lọ, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń mọ ògiri yẹn ṣe ń tò ó, kí ìlà tó kẹ́yìn lókè sì jẹ́ òkúta tó dúró lóròó bí ìwé tí wọ́n tò sí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi eérú tó wúwo lu apá ọ̀tún òkúta kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àtakọ kan tàbí méjì.

Orí ògiri ni òjò dídì ń jókòó sí. Ẹ fi àyè bíi mílímítà 3 sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má rán nǹkankan sí i, kí ẹ wá fi àyìnrín fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ rẹ̀. Ojú ẹni tó ń wò ó ni yóò fi òjò dídì síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń gbá a jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ògiri pẹ̀lú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òkúta ẹ̀gbẹ́ yẹn rì sílẹ̀ ní ibì kan tàbí méjì, bíi pé ẹnìkan da ìyẹ̀fun lé e lẹ́sẹ̀.

Bí ògiri bá ṣe ń gun òkè lọ ni kí òkúta máa kéré, kí òwú sì máa ṣá, títí yóò fi di ìlà sígísáàgì kan ṣoṣo, tí yóò wá di ìlà lásán.

Igi

Òrùka kò ní gba gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ tú u, kí ẹ sún un, kí igi lè wà ní àárín rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi òrùka sílẹ̀ lára aṣọ mọ́jú, àpá rẹ̀ kì í tètè lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ pẹ̀lú òwú àwọ̀ èlùbọ́. Ẹ gòkè lọ sí ìparí ẹ̀ka kan láìdúró, kí ẹ padà lórí ìlà kan náà wá sídìí. Ẹ tún gòkè, ẹ yà sí ẹ̀ka mìíràn, ẹ padà. Nígbà tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ogún, ìdí igi á ti gba òwú ogójì, orí ẹ̀ka kò ní ju méjì lọ. Igi á nípọn nísàlẹ̀, á tín-ín-rín lókè, láìṣe pé ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń hù gan-an lẹ ṣe ń rán an.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa òwú nọ́ńbà 60 sí i fún ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ẹ mọ irú igi tí ẹ ń rán. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ silver birch máa ń rọ̀ wálẹ̀ bí irun tí wọn kò tíì dì, èèpo rẹ̀ sì funfun, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òjìji ìdí rẹ̀ nìkan la ń rán. Hawthorn, igi ẹlẹ́gùn-ún tó pọ̀ lẹ́bàá ògiri wọ̀nyẹn, máa ń lọ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ti tẹ gbogbo orí rẹ̀ sí ọ̀nà kan. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n nídìí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ìrì dídì tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka ní àárọ̀ ni ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ fi òwú funfun sínú bọ́bìnì, kí òwú òkè jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ wá gbé tẹ́ńṣàn òkè sókè sí 7 tàbí 8, kí ẹ sì fi súkúrú ilé bọ́bìnì tú u díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin yíyípo. Òwú òkè á le gbọnyin bí okùn, yóò máa fa funfun láti ìsàlẹ̀ wá sókè ní kókó wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ máṣíìnì kó sáré, kí ọwọ́ falẹ̀ gan-an, kókó funfun náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òwú òkè. Tí ọwọ́ bá yá, wọ́n á jìnnà síra, bí ìrì tí oòrùn ti ń yọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kan súkúrú yẹn, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì kan àmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó sàn jù kí ẹ ra ilé bọ́bìnì kejì tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Èmi kò sàmì nígbà àkọ́kọ́, mo fi odindi ọjọ́ Àbámẹ́ta wá ibi tí tẹ́ńṣàn wà.

Báyìí ni òwú funfun tó lè wá sókè fúnra rẹ̀. Ẹ fi kan orí ẹ̀ka tó nípọn, apá tó kọjú sókè nìkan, àtakọ mélòó kan, ó parí. Koríko gbígbẹ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́bàá etí ìsàlẹ̀ àwòrán pẹ̀lú òwú tó pọ́n díẹ̀, kí ojú lè mọ bí òjò dídì náà ṣe jìn tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó máa rọ̀ lọ́wọ́, kó tẹ́ nẹ́ẹ̀tì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lé ojú àwòrán kó tó rán igi, kí ohun tó wà lẹ́yìn lè fara sin díẹ̀. Kí ó má fi kókó funfun kún ibi gbogbo. Iyọ̀ ni ọ̀gá mi máa pè é.

Fún àwọn tó ní máṣíìnì oníkọ̀ǹpútà

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́nógíráàmù nílé ti ní máṣíìnì tó ń ka fáìlì DST tàbí PES, ìyẹn fáìlì tó ń sọ fún máṣíìnì ohun tó máa rán. Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gba ohun tí sọ́fítíwíà bá gbé wá fún yín. Nǹkan bíi mílímítà 0.4 ló máa ń fi sáàárín ìlà òwú kan sí èkejì, kí aṣọ má bàa hàn. Àwa fẹ́ kí aṣọ hàn. Ẹ sún un sí 1.5 tàbí 2 fún òjìji, ẹ pa òwú ìpìlẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ rán sábẹ́, kí ẹ jẹ́ kí gígùn àtakọ máa yàtọ̀ síra. Igi ni kí ẹ fi ọwọ́ rán lẹ́yìn tó bá parí.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Léèsì Ọ́stríà tí a fi ń ṣe òde láti àwọn ọdún 1960, Lustenau ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg ni wọ́n ti ń fi máṣíìnì rán púpọ̀ nínú rẹ̀, ìlú tó wà lẹ́bàá àwọn òkè Alps, kò sì jìnnà sí St. Gallen ní Switzerland agbègbè tí Isaak Gröbli ti ṣe Schiffli, máṣíìnì tó ń rán iṣẹ́ ọ̀nà sára aṣọ, ní 1863. Àwọn tó ń gbé lójú òjò dídì ló ń rán òdòdó fún wa. Ọmọ Ẹ̀gbá wá jókòó sí Sheffield, ó ń rán òjò dídì.

Ìparí iṣẹ́

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú òrùka, ẹ fa sítéè tó bá ṣẹ́kù ya pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí ọwọ́ kejì di àtakọ mú. Yóò ti súnkì díẹ̀, kò burú. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì tó nípọn, ẹ da ojú iṣẹ́ dé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù olómi gbígbóná lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Táwẹ̀lì náà kò ní jẹ́ kí òwú tẹ́ pẹlẹbẹ. Tí kò bá tíì nà, ẹ fi omi wọ́n ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi píìnì kàn án mọ́ pátákó rírọ̀ yíká, láti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí igun, kí ó sùn síbẹ̀. Láàárọ̀ yóò ti le bí ìlù. Ẹ kọ́kọ́ fi omi kan orí àkísà tí ẹ fi dánra wò láti mọ̀ bóyá ọ̀dà yín máa ṣàn.

Ẹ gé páálí tí kò ní ásíìdì sí 30 ní 20, ẹ ká etí aṣọ sẹ́yìn, kí ẹ fi òwú líle fà á láti etí kan sí èkejì bí ẹni ń so bàtà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, yóò pọ́n tó bá dọ́dún mélòó kan. Tí ẹ bá fi gíláàsì sí férémù rẹ̀, kí àyè wà láàárín gíláàsì àti òwú. Ẹ má sì gbé e kọ́ sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé sí, òwú máa ń ṣá.

Orúkọ yín, ẹ fi òwú eérú tó ṣá jù rán an sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ó tẹ̀lé òjìji tó kẹ́yìn.